Bí àrùn gágá bá ń jà káàkiri Àkúrẹ́: ẹni tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ pè, ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí ẹ gbà, àti ohun tí ilé ìwòsàn máa bá yín ṣe

Nígbàkigbà tí ìròyìn bá gbòde pé ọ̀fìnkìn líle kan ti ń pa ènìyàn ní òkè òkun tàbí ní Èkó, ìbéèrè mẹ́ta kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń bi mí. Ṣé kí n lọ sí ilé ìwòsàn bí ikọ́ bá mú mi? Ibo gan-an ni kí n lọ? Ṣé wọn kò ní tì mí mọ́ ibì kan tí ẹbí mi kò ti ní rí mi? Àwọn tó ń gbé ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀ ni mo kọ ìdáhùn yìí fún, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Oǹdó, Ìdànrè tàbí Ìkàrẹ́ náà lè lò ó, nítorí pé ètò náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà ní ìpínlẹ̀ wa.

Àrùn gágá tí mò ń sọ kì í ṣe kátà tó ń bá ọyẹ́ wọlé. Ó máa ń bá ènìyàn lójijì: ibà, orí fífọ́, ara ríro, ikọ́ gbígbẹ, ọ̀fun dídùn, àti rírẹ̀ tó máa so ènìyàn mọ́ ibùsùn. Ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 4 lẹ́yìn tí kòkòrò rẹ̀ bá wọ ara ni àmì máa ń yọ. Nígbà tí irú rẹ̀ kan tí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ rí bá yọjú, ó máa ń di àjàkálẹ̀, bí ó ti rí ní ọdún 2009 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ nìyí: pípè ni kí ó ṣáájú lílọ. Lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn, ilé ìwòsàn kì í gba gbogbo ènìyàn wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan náà. Ẹni tó bá kọrí sí ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ máa wúkọ́ sí àárín àwọn aboyún àti àwọn ọmọ ọwọ́, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ kó ohun tí kò gbé wá láti ilé.

Ohun tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ kí rédíò tó kéde

Bí ẹ bá mọ bí ìròyìn àrùn ṣe ń rìn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ máa mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè àwọn ìbéèrè kan lọ́wọ́ yín. Ó máa ń lọ báyìí:

1. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù (ilé ìwòsàn kékeré ti ìjọba ní àdúgbò yín) máa kíyè sí i pé àwọn tó ń gbé ibà àti ikọ́ wá ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí pé àìsàn náà ń dá àwọn ọ̀dọ́ tó lágbára dùbúlẹ̀.
2. Ó máa pe òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. DSNO ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn.
3. Wọ́n máa gba omi imú àti ọ̀fun àwọn aláìsàn díẹ̀, wọ́n máa kó o sínú àpótí oníyìnyín, wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ sí láàbù tó lè dá kòkòrò náà mọ̀. Àjọ NCDC, tó ń rí sí dídènà àrùn ní Nàìjíríà, ní láàbù àgbà tirẹ̀ ní Gaduwa ní Àbújá.
4. Bí èsì bá fi hàn pé gágá tuntun ni, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ máa kó ìgbìmọ̀ pàjáwìrì jọ, wọ́n á sì pín iṣẹ́: àwọn kan á máa wá àwọn tó ti fara kan aláìsàn, àwọn kan á máa pèsè ibùsùn àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, àwọn kan á máa bá aráàlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti láàfin.
5. Àwọn ilé ìwòsàn máa yí ètò ẹnu ọ̀nà wọn padà.

Láàárín ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì ni nǹkan ti sábà máa ń dúró pa. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá máa gba kẹ́míìsì lọ, á ra òògùn, á sùn sílé, nọ́ọ̀sì kankan kò sì ní rí i kà. Bí ìdajì àdúgbò bá ń wúkọ́ tí kò sí ẹni tó sọ fún ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù, ní ti ìwé ìjọba, kò sí ẹni tí ń wúkọ́ níbẹ̀, wọn kò sì ní rán ẹnikẹ́ni wá.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò

Ọ̀pọ̀ àwọn tí gágá bá mú ló máa ń gbádùn nílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí ikọ́ àti àárẹ̀ bá tilẹ̀ kù lára wọn fún ìgbà díẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn wà tí kò gbọdọ̀ sùn nílé rárá. Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, yálà ní ọ̀sán tàbí ní òru, bí ẹ bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn àmì wọ̀nyí:

- Ó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, tàbí kò lè sọ gbólóhùn kan parí kí ó tó dúró mí.
- Àyà ń dùn ún gan-an tàbí ó ń fún un pinpin.
- Ètè, ahọ́n tàbí èékánná rẹ̀ ti ń ṣú bí aró.
- Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, kò dá ènìyàn mọ̀, tàbí ó ń sùn tí kò ṣeé jí.
- Gìrì mú ọmọ, tàbí ọmọ kọ̀ láti mu ọmú tàbí omi.
- Ó ń bì gbogbo ohun tó bá mu, ìtọ̀ kò sì jáde mọ́.
- Ibà ti lọ, ara ti ń yá, lẹ́yìn náà ni ibà àti ikọ́ padà wá tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òtútù àyà ló sábà máa ń fa èyí.

Fún ọmọdé, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n mímí. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tí kò sunkún, ẹ tan aago fóònù yín, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tí ikùn rẹ̀ gbé sókè fún odidi ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 bá mí tó ìgbà 60, tàbí ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11 bá mí tó ìgbà 50, tàbí ọmọ ọdún 1 sí ọdún 5 bá mí tó ìgbà 40, mímí rẹ̀ ti yá jù. Bí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó ń mí, kí ẹ má tún kà á mọ́. Ẹ gbé e.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dúró de àmì ewu kankan kí wọ́n tó pè. Ọjọ́ kìíní gan-an ni kí wọ́n pè: aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 (pàápàá tí kò tíì pé ọdún 2), ẹni tó ti lé ní ọdún 65, àti ẹni tó ní ikọ́ fée, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn, àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde tàbí kòkòrò HIV. Ìdí ni pé òògùn gágá tó ń jẹ́ oseltamivir máa ń ṣiṣẹ́ jù lọ bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láàárín wákàtí 48 tí àmì àkọ́kọ́ yọ. Dókítà ló ń kọ òògùn yìí. Bí ìlò bá pọ̀, àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí àti àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún.

Bí ẹ ṣe máa pè

1. Ẹ ti gba nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù yín sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì yá. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí pé bátìrì fóònù máa ń kú ní òru tí a bá nílò rẹ̀ jù.
2. Bí ẹ kò bá ní nọ́ńbà kankan, ẹ pe 6232 ti àjọ NCDC. Kò ní jẹ owó lórí fóònù yín. Fún pàjáwìrì, 112 ni nọ́ńbà tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀.
3. Ẹ sọ ọjọ́ orí aláìsàn, ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, àwọn àmì tí ẹ rí, àìsàn mìíràn tó ti ní tẹ́lẹ̀, àti bóyá ẹlòmíràn nínú ilé náà ń wúkọ́.
4. Ẹ béèrè ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọlé.

Kò yẹ kí ìpè náà gùn. Bí àpẹẹrẹ:

«Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ẹ̀yìn Ọjà Ọba ni mo ti ń pè yín. Ara màmá mi kò yá láti àná ìrọ̀lẹ́. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Ibà ń ṣe wọ́n, wọ́n ń wúkọ́ gbígbẹ, wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣì ń mu omi, èémí wọn kò sì tíì le. Ọ̀nà wo ni kí a gbà wá, mà?»

«Ẹ fi ìbòmú sí màmá nímú, kí ẹ̀yin náà wọ tiyín. Ẹ má gbé wọn gun ọ̀kadà o. Bí ẹ bá ti dé géètì, ẹ má wọlé, ẹ tún pè mí, mà á rán ẹnì kan sí yín.»

Ní ti ọkọ̀, ó sàn kí ẹ háyà táksí lódindi ju kí ẹ wọ èyí tó ń kó èrò lọ. Ẹ sọ òótọ́ fún awakọ̀ kí ó tó gbé yín, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, kí aláìsàn jókòó sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó sìn ín lọ. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún wa láti jẹ́ kí àgbàlagbà lọ sí ilé ìwòsàn láìjẹ́ pé ọmọ mẹ́ta àti ìyàwó ilé méjì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹni kẹta yẹn gan-an ni àrùn máa ń bá padà sílé.

Ní ẹnu géètì

Ẹ máa rí àgọ́ tàbí ìbòji kan ní ìta, pẹ̀lú ike omi ńlá tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu àti ọṣẹ. Ẹ fọ ọwọ́ yín dé ọrùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ má sì fi aṣọ nù ún. Òṣìṣẹ́ kan máa na ohun èlò kan bí ìbọn kékeré sí iwájú orí yín láti mọ bí ara yín ṣe gbóná tó. Ó lè fi ohun kan há ìka aláìsàn láti mọ ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí làálì tàbí ọ̀dà èékánná bá wà ní ìka, ẹ sọ fún un kí ó lo ìka mìíràn, nítorí pé ó lè da òǹkà rú.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa pín àwọn aláìsàn. Àwọn tí èémí wọn le máa wọlé tààrà. Àwọn tó ní ibà àti ikọ́ máa jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí àlàfo sì wà láàárín wọn. Àwọn tó wá fún nǹkan mìíràn máa gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ máa rí i pé wọ́n pe ẹni tó dé lẹ́yìn yín ṣáájú yín. Kò túmọ̀ sí pé ó mọ ènìyàn níbẹ̀, àìsàn tirẹ̀ ló le jù. Àríyànjiyàn lórí èyí ti gba àkókò àwọn nọ́ọ̀sì ju bó ti yẹ lọ.

Àyẹ̀wò: ti imú, ti máláríà, àti ọ̀ràn ibà Lassa

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní òwú lórí ni wọ́n fi ń gba omi imú. Òṣìṣẹ́ náà máa ní kí ẹ gbé orí sẹ́yìn díẹ̀, á ti igi náà wọ ihò imú lọ sẹ́yìn pátápátá, á yí i, á sì fà á jáde. Ojú yín máa ṣomi, ó sì lè ṣe yín bíi kí ẹ sín tàbí kí ẹ wúkọ́. Kì í pẹ́. Kí ẹ má gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, nítorí pé ìgbà náà gan-an ni ẹ lè fara pa.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò yìí fún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń ṣe é fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá fura sí. Bí àrùn bá ti gba ìgboro tán, àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún, wọ́n á sì máa fi àmì ara tọ́jú àwọn yòókù. Kí ẹ má rò pé wọ́n ti pa yín tì. Láàbù kò lè ṣe ju agbára rẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò máláríà ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò. Nílùú wa, bí ara bá ti gbóná, «ibà ni» ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu, òògùn máláríà á sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan láti orí ìka tó láti fi mọ̀ bóyá máláríà wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì sì lè wà lára ẹnì kan náà, nítorí náà, bí àyẹ̀wò bá fi máláríà hàn, ìyẹn kò sọ pé gágá kò sí.

Ọ̀rọ̀ ibà Lassa tún wà níbẹ̀, tí ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kò lè fojú fò dá. Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tí Lassa ń bá jà jù ní Nàìjíríà, ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ló sì sábà máa ń gbilẹ̀. Gágá máa ń bá ènìyàn lójijì. Lassa máa ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti kó o. Bí eku bá ń wọ inú oúnjẹ yín, bí ẹ bá ti tọ́jú ẹni tó ní Lassa, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní eyín, imú tàbí ibòmíràn, ẹ sọ ọ́ ní ẹnu géètì kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì ní ibùdó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ nílé

1. Ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún un. Bí yàrá kan ṣoṣo ni ẹ ní, ẹ gbé ibùsùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí àlàfo tó tó mítà kan, ó kéré tán, wà láàárín òun àti àwọn tó kù, kí gbogbo yín sì kọjú sí ibi tó yàtọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sùn.
2. Ẹ yan ẹnì kan láti máa tọ́jú rẹ̀. Kí ó má jẹ́ aboyún tàbí àgbàlagbà. Àwọn méjèèjì ni kí ó máa wọ ìbòmú nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ ara wọn.
3. Ẹ máa fún un ní omi, ògì, ọbẹ̀ gbígbóná tàbí tíì ní díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá ń pọ́n bí epo, omi tó ń mu kò tó.
4. Fún ibà àti ara ríro, àgbàlagbà lè lo parasitámọ́ọ̀lù 500 mg, hóró 2 lẹ́ẹ̀kan, kí wákàtí 4 sí 6 wà láàárín, kí ó má sì ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ìwọ̀n ara ọmọdé ni wọ́n fi ń díwọ̀n tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.
5. Ẹ fi ọṣẹ fọ ife, àwo àti aṣọ rẹ̀. Ọṣẹ lásán ń pa kòkòrò gágá. Fún ilẹ̀kùn àti orí tábìlì, jíìkì dára. Bí 3.5% bá wà lára ike rẹ̀, ẹ da ife 1 sínú ife omi 34, ẹ pò ó lójoojúmọ́, kí ẹ má sì pò ó mọ́ áísàlì tàbí oògùn ìfọlé mìíràn, torí èéfín rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.
6. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ tún yẹ àwọn àmì ewu tí mo kà lókè wò, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé.
7. Kí ó má jáde títí tí wákàtí 24 á fi kọjá tí ibà kò sí lára rẹ̀ láìlo òògùn ibà. Bí ìjọba bá kéde ọjọ́ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ̀ lé ti ìjọba. Ènìyàn lè máa kó o ran ẹlòmíràn láti ọjọ́ kan ṣáájú àmì àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 7 lẹ́yìn rẹ̀, ti àwọn ọmọdé sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù

Ti àkọ́kọ́ ni òògùn apakòkòrò. Àwọn ènìyàn máa ń ní kí ẹni tó ń ta òògùn bá àwọn «pò ó pọ̀»: hóró pupa kan, funfun méjì, kápúsù aláwọ̀ méjì kan, gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré tí kò ní orúkọ lára. Amọsilíìnì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní agbára kankan lórí gágá. Dókítà lè kọ ọ́ bí òtútù àyà bá tẹ̀ lé e, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tó burú jù ni pé parasitámọ́ọ̀lù lè wà nínú hóró méjì tàbí mẹ́ta nínú ọ̀rá náà, kí ẹni náà sì tún ra tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Ti ìkejì ni ásípíríìnì fún ọmọdé. Ẹ má fún ọmọ tàbí ọ̀dọ́ tí gágá mú rárá. Ó lè kó bá ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Oyin náà kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Àgbo ńkọ́? Atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ nínú omi gbígbóná máa ń tu ọ̀fun lára, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Àmọ́ kò lè rọ́pò ìtọ́jú fún ẹni tí èémí rẹ̀ le, ife kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn fi ń mu ní ìdí ìsọ̀ alágbo sì ń pín àrùn kiri láti ẹnu dé ẹnu. Bí ẹ bá ń da aṣọ bo orí ọmọ lórí ìkòkò omi gbígbóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé é ṣe. Omi náà lè dà lé ọmọ lára, kí ó sì bó o.

Ẹ̀kẹrin ni pípadà sí ọjà nítorí pé ara ti fúyẹ́ lẹ́yìn òògùn ibà. Òògùn ló pa ibà mọ́lẹ̀. Àrùn ṣì wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá dá aláìsàn dúró

Ní ọdún 2020, lẹ́yìn tí wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, Ilé Ìwòsàn Àwọn Àrùn Tó Ń Ràn tó wà ní Àkúrẹ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IDH, ni wọ́n fi ṣe ibùdó ìyàsọ́tọ̀. Bí àjàkálẹ̀ mìíràn bá dé, wọ́n máa kéde ibùdó tí wọ́n máa lò, nítorí náà ẹ má gbé aláìsàn lọ síbẹ̀ láìpè.

Ohun tí ìtọ́jú níbẹ̀ dá lé kò ju ọ́síjìn, omi ara, òògùn gágá, àti ṣíṣọ́ aláìsàn tọ̀sán-tòru lọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gba àlejò wọlé. Ẹ di ẹrù rẹ̀ báyìí:

- fóònù pẹ̀lú ṣájà rẹ̀, àti nọ́ńbà ẹbí méjì lórí bébà
- gbogbo òògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀, nínú páálí wọn
- ọṣẹ, pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì, aṣọ ìyípadà àti aṣọ ìbora
- awò ojú, tàbí eyín àtọwọ́dá, bí ó bá ń lò ó

Ẹ béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ àti aago tí ẹ lè pè é. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí ni kí ó máa pè, kí ó sì máa ròyìn fún àwọn yòókù. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń pe nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ìdáhùn mẹ́wàá tó yàtọ̀ ló máa délé, ìjà á sì dé.

Nígbà tí àwọn tó ń tọpa àrùn bá kan ilẹ̀kùn

Wọ́n máa béèrè ẹni tí aláìsàn bá jẹun, ẹni tó bá sùn nínú yàrá kan, ibi ayẹyẹ tàbí ìsìn tó lọ. Ẹ dárúkọ wọn. Kì í ṣe àfẹ̀sùnkàn. Wọ́n fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn ẹni náà kí ara wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ni. Ẹ lè ní kí wọ́n fi káàdì ìdánimọ̀ wọn hàn yín, kí ẹ sì pe ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n rán wọn. Òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò nílò nọ́ńbà BVN yín, káàdì ATM yín tàbí nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ láti tọpa àrùn. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, ẹ tì í síta.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára

Kì í tètè dé. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti mọ kòkòrò gágá tuntun, ó sábà máa ń gba bí oṣù 4 sí oṣù 6 kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó jáde, kì í sì í ṣe àwa ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e fún. Bí ó bá dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn aboyún, àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló sábà máa ń wà níwájú. Ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù ni kí ẹ ti béèrè. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé abẹ́rẹ́ kiri nínú báàgì.

Bí ọ̀nà yìí kò bá ṣeé gbà

Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí ó ti rí ní àwọn abúlé kan lọ́nà Ìdànrè, ẹ rán ẹni tí ara rẹ̀ yá lọ sí ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù pẹ̀lú bébà tí ẹ kọ àmì àìsàn sí. Bí ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù bá tì, ẹ gba ọ̀dọ̀ báálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò lọ, nítorí pé òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ṣọ́ àrùn sábà máa ń ní àwọn tó ń ta á lólobó láàárín àwọn aráàlú. Bí kò bá sí ìbòmú tí wọ́n ń tà, aṣọ tó nípọn tí ẹ ṣẹ́ po sàn ju òfo lọ. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ lu ihò sí ike omi, ẹ so ó mọ́ igi lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì so ọṣẹ mọ́ ọn.

Àwọn ìtọ́jú tí kò gbọdọ̀ dúró

Nígbà kòrónà, ọ̀pọ̀ ìyá kò gbé ọmọ wọn lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́ nítorí ẹ̀rù, àwọn mìíràn sì jẹ́ kí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tán lọ́wọ́ wọn. Ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aboyún àti ọmọ ọwọ́, nítorí pé ó lè yí padà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní òògùn oṣù 2 tàbí oṣù 3 lẹ́ẹ̀kan, pàápàá òògùn HIV, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ikọ́ fée. Aboyún tí ìrọbí bá mú nígbà tó ń wúkọ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ bímọ sílé nítorí ìtìjú. Kí ó pè, kí ó sọ pé òun ní ikọ́ àti ibà, wọ́n á sì pèsè yàrá ọ̀tọ̀ dè é kí ó tó dé.